Ta ló ni fọ́tò ẹrú? Ẹjọ́ Harvard àti àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ oko òwú

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà láti yọwọ́ kúrò lórí fọ́tò 15 kan tí ó ti ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹrú méje ni wọ́n wà nínú fọ́tò wọ̀nyí, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin méjì, tí wọ́n kó lọ sí ilé onífọ́tò kan ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní ọdún 1850. Ẹjọ́ lórí wọn ti wà ní kóòtù láti ọdún 2019, nígbà tí Ìyáàfin Tamara Lanier, ará ìpínlẹ̀ Connecticut, sọ pé baba ńlá òun ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yà náà, pé kí Harvard dá àwòrán rẹ̀ padà fún ẹbí. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí fọ́tò wọ̀nyí kúrò ní Harvard, kí wọ́n lọ sí International African American Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Charleston ní ọdún 2023, ní èbúté Gadsden's Wharf níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rú ti gúnlẹ̀ rí.

Ẹni tó bá kàn gbọ́ ìròyìn yìí lè rò pé ọ̀wọ́n fọ́tò ẹrú ló dá ìjà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti bí ọdún 1850 títí di ọdún 1888 tí ìjọba Brazil fòpin sí oko ẹrú, àwọn onífọ́tò ya àwọn òṣìṣẹ́ oko òwú àti oko kọfí ní Amẹ́ríkà àti Brazil, wọ́n sì ya ahéré tí wọ́n ń gbé. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n yà ní Amẹ́ríkà wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Washington, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò wọ́n láìsan kọ́bọ̀. Ohun tó mú kí fọ́tò kan yàtọ̀ sí èkejì ni ẹni tó ní kí wọ́n yà á, ohun tó fẹ́ fi í ṣe, àti orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Lójú tèmi, orúkọ yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ohun-ìní ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù.

Ẹni tó ní kí wọ́n ya ti Columbia ni Louis Agassiz, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ní ọdún 1847, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹja àti lórí ìgbà àtijọ́ tí yìnyín bo ilẹ̀. Agassiz wà lára àwọn onímọ̀ tó ń sọ nígbà náà pé ẹ̀dá ènìyàn kò ṣẹ̀ láti orísun kan náà, pé ọ̀tọ̀ ni ìṣẹ̀dá aláwọ̀ dúdú, ọ̀tọ̀ ni ti aláwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn olówó ẹrú nínú, nítorí ó ń bá wọn wí àwíjàre. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Charleston ní oṣù Kẹta ọdún 1850, ó kọjá sí Columbia, níbi tí dókítà kan tó ń jẹ́ Robert W. Gibbes ti mú un dé oko òwú mélòó kan, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí àwọn tí wọ́n bí sí Áfíríkà àti àwọn ọmọ tí àwọn yẹn bí sí Amẹ́ríkà. Gibbes ló wá ṣètò kí onífọ́tò Joseph T. Zealy ya àwọn tí wọ́n ṣà jọ. Renty, bàbá àgbàlagbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ará Kóńgò ni, wà níbẹ̀, Delia ọmọ rẹ̀ obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Jack, tí wọ́n ní ó wá láti Guinea, wà níbẹ̀, òun àti Drana ọmọ rẹ̀ obìnrin. Oko B. F. Taylor ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Fassena, káfíńtà tó jẹ́ Mandingo, ẹ̀yà kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Alfred tó jẹ́ Fúlàní, àti Jem tí wọ́n pè ní Gullah. Wọ́n bọ́ aṣọ lára wọn, wọ́n sì yà wọ́n bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀rí jọ. Baba àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo ń sọ yìí. N kò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú fọ́tò tí Zealy ń yà ni wọ́n ń pè ní daguerreotype, èyí tí wọ́n ṣí àṣírí rẹ̀ fún aráyé ní Paris ní ọdún 1839. Pẹlẹbẹ bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni. Onífọ́tò á dán an títí yóò fi máa kọ mànà, á jẹ́ kí èéfín iodine bà lé e, á gbé e sínú kámẹ́rà, lẹ́yìn náà á gbé e sókè ooru mẹ́kúrì kí àwòrán tó jáde. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀dà, nítorí pẹlẹbẹ tó wọ inú kámẹ́rà náà ni pẹlẹbẹ tí oníbàárà ń gbà lọ. Èyí wà lára ìdí tí ìjà náà fi le: ẹni tó bá ní pẹlẹbẹ náà lọ́wọ́ ló ní ohun kan ṣoṣo tó wà láyé. Ọjọ́ pẹ́ tí Harvard fúnra rẹ̀ gbàgbé pé ó ní wọn. Ọdún 1976 ni òṣìṣẹ́ kan rí wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní òkè àjà Peabody Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti yunifásítì náà.

Gibbes ti kọ ìwé pélébé mọ́ àwọn fọ́tò wọ̀nyí, ó kọ orúkọ ẹni tó wà nínú wọn, ilẹ̀ tó ti wá, àti orúkọ olówó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló mú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ tó ń kó àpẹẹrẹ jọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó kọ yìí ni Ìyáàfin Lanier dì mú lẹ́yìn ohun tó lé ní 160 ọdún. Ìyá rẹ̀ ti máa ń sọ ìtàn Papa Renty fún un, ọkùnrin tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà tó sì tún ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ní ìpínlẹ̀ tí òfin ti ka kíkọ́ ẹrú ní ìwé sí ọ̀ràn. Nígbà tí ìyá náà kú ní ọdún 2010, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa ìdílé wọn, ó sì bá ọ̀nà náà dé iwájú fọ́tò Zealy. Harvard kò gbà pé ó ti fi ẹ̀rí ìbátan náà múlẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n parí ẹjọ́ ni ó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ká ní Gibbes kọ “ọkùnrin ará Kóńgò” nìkan ni, kò sí ẹni tí ì bá lè dìde láti sọ pé baba òun nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé fọ́tò tí wọ́n yà ní ìpínlẹ̀ kan náà ní ọdún 12 lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1861, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ ogun ti ìhà Àríwá fi àgbá lé àwọn ọmọ ogun ìhà Gúúsù kúrò ní Port Royal. Àwọn olóko òwú tó wà ní àwọn erékùṣù ibẹ̀ sá lọ, wọ́n fi ilé, oko àti ẹrú tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹni tí olówó rẹ̀ bá sá lọ kì í ṣe ẹrú mọ́ lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò tíì sọ ọ́ di òmìnira. Ìjọba Àríwá kà wọ́n sí ẹrù ọ̀tá tí ogun kó, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ òwú lọ kí wọ́n sì máa gba owó iṣẹ́, ó sì gbà kí àwọn olùkọ́ wá láti Boston, New York àti Philadelphia wá dá ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn ní ọdún 1862. Àwọn onífọ́tò tó tẹ̀ lé ọmọ ogun bá wọn níbi tí wọ́n wà yìí, ní agbede méjì ìgbèkùn àti òmìnira.

Èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ti Timothy O'Sullivan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti bá onífọ́tò olókìkí Mathew Brady ṣiṣẹ́, tí ó yà ní ọdún 1862 ní oko John Joyner Smith nítòsí ìlú Beaufort. Ìdílé kan ló dúró, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì jókòó, níwájú ilé onípákó kan. Àkọlé rẹ̀ ni pé ìran márùn-ún ni, ní oko Smith. Aṣọ wà lára gbogbo wọn, olúkúlùkù mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, wọ́n sì kọjú sí ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹni tó kó wọn lọ sí ìlú láti fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá wo fọ́tò Zealy, tó sì wá wo èyí, yóò mọ̀ pé kámẹ́rà kọ́ ló ń bọ́ aṣọ lára ènìyàn, ẹni tó rán an níṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àkọlé ìran márùn-ún yìí, orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Smith, olówó wọn tó ti sá lọ. Ìdílé tí ìran rẹ̀ pé márùn-ún lójú ẹ̀rọ ni a mọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí kò sí nínú àwòrán rárá.

Oko Smith yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti First South Carolina Volunteers pàgọ́ sí, tí wọ́n sọ ọ́ ní Camp Saxton. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1863, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ síbẹ̀, lábẹ́ àwọn igi oak, láti gbọ́ ìkéde ìdásílẹ̀ tí ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí. Ibẹ̀ wà lára ọgbà ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń bójú tó lónìí.

Onífọ́tò kejì tó yẹ kí á dárúkọ ni Henry P. Moore, ará ìlú Concord ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú rẹ̀ wá sí Hilton Head. Ní oko James Hopkinson ní erékùṣù Edisto, ó ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbin ọ̀dùnkún, ọkùnrin àti obìnrin, lórí ebè gbọọrọ. Ó tún ya àwọn tó ń lọ sóko pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì kọ “G'wine to de Field” sí i. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè rí nǹkan rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ Moore dára, ojú rẹ̀ sì mọ ohun tó yẹ kí ó yà, ṣùgbọ́n kálàmù rẹ̀ kò bá ojú rẹ̀ dọ́gba.

Ó yẹ kí á mọ bí irú fọ́tò yìí ṣe ń ṣeé ṣe, nítorí ó ṣàlàyé ìdí tí gbogbo wọn fi jọra. Nígbà tí O'Sullivan àti Moore ń ṣiṣẹ́, gíláàsì ni wọ́n ń lò, ọ̀nà tí Frederick Scott Archer gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1851. Onífọ́tò á da oògùn tó ń lẹ̀ sórí gíláàsì nínú òkùnkùn, á gbé e sínú kámẹ́rà nígbà tó ṣì tutù, á yà á, á sì tún sáré padà sínú òkùnkùn kí ó tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé àgọ́ tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ṣókùnkùn káàkiri oko. Gíláàsì kan tó yege lè bí ẹgbàágbèje ẹ̀dà lórí ìwé, èyí ló sì sọ fọ́tò oko di ọjà títà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fẹ́ kí ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹni tó bá mira, tàbí ọmọdé tí kò gbọ́ràn, á di kùrukùru lórí gíláàsì. Nítorí náà, a kò lè rí iṣẹ́ gan-an nínú àwọn fọ́tò yìí. Àwọn tó ń gbin ọ̀dùnkún ní Edisto dúró fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ ni. Òógùn, ìyára, ẹ̀yìn dídùn, pàṣán alábòójútó, kò sí ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà lè mú.

Bákan náà ni ilé wọn. Inú ahéré ẹrú ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní gíláàsì bí kò ṣe pákó tí wọ́n ń tì, nítorí náà ìta nìkan ni onífọ́tò lè yà. A rí ògiri pákó, ilẹ̀kùn, ihò èéfín tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, àti ilé tó tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń pè ní òpópónà. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò, ilẹ̀ iwájú ilé mọ́ tónítóní, kò sí koríko lórí rẹ̀, ó hàn pé wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ará ilé wa kò ní béèrè ìdí. Ohun tó wà nínú ilé, ibi tí wọ́n ń sùn àti ìkòkò tí wọ́n fi ń dáná, kámẹ́rà kò sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lè lọ sí Washington, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣí ní ọdún 2016 ti gbé odindi ahéré kan kalẹ̀. Oko Point of Pines, ní erékùṣù Edisto tí Moore ti yafọ́tò, ni wọ́n ti tú u lápá-lápá ní ọdún 2013. Nǹkan bí ọdún 1853 ni wọ́n kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ènìyàn tó wà nínú fọ́tò di olómìnira, ṣùgbọ́n ọjà náà kò dúró. Ní Savannah, ní ìpínlẹ̀ Georgia, oko Hermitage ní ilé ẹrú tí wọ́n fi bíríkì kọ́, nítorí pé bíríkì ni Henry McAlpin tó ni ibẹ̀ ń ṣe tà. Ilé náà lẹ́wà lójú àlejò, ó sì di ohun tí gbogbo onífọ́tò ìlú ń yà, pẹ̀lú àwọn tó ṣì ń gbé inú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, fún káàdì tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà. Àwọn olówó fọ́tò ń ta àtijọ́ tó dára tí kò sí rí. Ní ọdún 1935, Henry Ford ra oko náà, ó wó ilé ńlá rẹ̀ kó bíríkì rẹ̀ lọ kọ́ ilé ara rẹ̀, ó sì kó ahéré ẹrú méjì lọ sí ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ní Michigan.

Ní Brazil, irú ọjà yìí ti wà kí oko ẹrú tó parí. Ní Rio de Janeiro, Christiano Junior ń ta fọ́tò kéékèèké àwọn ẹrú àti ẹni tó gba òmìnira. Nínú ìpolówó tó ṣe ní ọdún 1866, ó sọ pé ó dára fún ẹni tó bá ń padà sí Yúróòpù. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1885, Marc Ferrez ń ya àwọn òṣìṣẹ́ oko kọfí ní àfonífojì Paraíba, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí wọ́n tò sójú kan, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kọfí, bí ẹni pé iṣẹ́ oko kò ní wàhálà kankan. Ó kù ọdún mẹ́ta kí òfin tó dá wọn sílẹ̀.

Ẹjọ́ Lanier kò kan O'Sullivan, Moore tàbí Ferrez, ṣùgbọ́n òfin tí kóòtù tẹ̀ lé kan gbogbo wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, adájọ́ ilé ẹjọ́ kan ní Massachusetts lé ẹjọ́ náà dànù. Ó gbà pé ohun ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ya fọ́tò ló ni fọ́tò, pé ẹni tí wọ́n yà kò ní ẹ̀tọ́ ohun-ìní lórí rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè fi jogún fún ọmọ. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ilé fọ́tò ṣe rí. Ohun tó ṣòro ni pé òfin náà gbà pé ẹni tí wọ́n yà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Bàbá Renty kò lè sọ pé òun kò lọ, ara rẹ̀ gan-an wà nínú ìwé ohun-ìní Taylor. Kí wá ni ìtumọ̀ pé kò ní ẹ̀tọ́ lórí àwòrán ara tí òfin kò jẹ́ kí ó ní? Àwọn agbẹjọ́rò Lanier, tí Benjamin Crump wà lára wọn, jà lórí kókó yìí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà kò yí i padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbà kí Lanier bá Harvard ṣẹjọ́ lórí ìbànújẹ́ ọkàn, nítorí ọwọ́ tí yunifásítì fi mú un nígbà tó wá pẹ̀lú ìtàn ìdílé rẹ̀, tí wọ́n sì tún lo ojú Bàbá Renty fún ìwé àti ìpàdé tiwọn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni ẹjọ́ náà dúró lé tí àdéhùn ọdún 2025 fi dé.

Àwọn kan lára àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù pé bí ẹbí bá lè gba fọ́tò lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ibi ìpamọ́ ìtàn yóò tú. Ẹ̀rù náà kò tíì ní ìdí, nítorí àdéhùn kì í ṣe ìdájọ́. Kò sí kóòtù mìíràn tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, fọ́tò náà kò sì bọ́ sọ́wọ́ Lanier fúnra rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ló gbé e fún òmíràn. Ohun tó yí padà ni ẹni tó máa pinnu bí wọ́n ṣe máa fi wọ́n han aráyé, àti bóyá wọ́n máa fi ìhòòhò wọn hàn rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìran Yorùbá wà nínú Peabody kan náà. Ní ọdún 1865, Agassiz lọ sí Brazil, ó sì ní kí onífọ́tò Augusto Stahl ya àwọn ọmọ Áfíríkà fún un ní Rio, pẹ̀lú èrò kan náà tí ó ní ní Columbia. Àwọn tí ogun Ọ̀yọ́ àti ìjà tó tẹ̀ lé e ti kó tà sí òkè òkun pọ̀ ní Brazil nígbà náà, Nàgó sì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. “Mina Nagô” wà lára orúkọ tí wọ́n kọ sí fọ́tò Stahl. Ẹjọ́ Lanier kò kàn wọ́n. Àmì ẹ̀yà ni wọ́n kọ sí àwọn èyí tó lókìkí jù nínú wọn, kì í ṣe orúkọ àbísọ, àti pé láìsí irú ìwé pélébé tí Gibbes kọ, ìdílé tó bá fẹ́ tọ ipa wọn ní Bahia, Rio tàbí Èkó kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.